Ẹ̀gbà Ìyá Ètu

Orin ìyìn là ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i. Gbogbo ìjọ gbé ọwọ́ sókè, èmi náà gbé tèmi, nítorí bí orin bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ń jó lọ, mo ń jó bọ̀, ni apá aṣọ Ṣìkẹ́mi tó wà níwájú mi bá yọ́ wálẹ̀ dé ìgúnpá. Ẹ̀gbà fàdákà kan ń kọ yanran lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi dúró.

Mo mọ ẹ̀gbà yẹn. Ìjàpá wà lórí rẹ̀, ó na ọrùn. Ọmọ ètu, ẹran ìgbẹ́ tó jọ àgbọ̀nrín, wà níwájú, ìyá ètu ń tẹ̀ lé e, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò tíì gbé e sílẹ̀. Èmi ni mo pa àlọ́ rẹ̀ fún Alájì Abdulfatah tó fín in. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é: èmi á jókòó lórí àga ike nínú garage ilé rẹ̀ ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta níbí ní Amẹ́ríkà, mà á máa pàlọ́, mà á máa dárin, òun á máa fi irin ìfín kọ ọ́ sára fàdákà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo parí àlọ́ ìyá ètu fún un. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí í ṣe ọjọ́ kejì, wọ́n bá Alájì nílẹ̀ nínú garage yẹn, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́ mọ́ irin ńlá tó máa ń lu fàdákà lé. Ó ti kú. Wọ́n wá ẹ̀gbà náà títí, wọn ò rí i.

Oṣù márùn-ún rèé. Oṣù márùn-ún náà ni Bámgbóyè, ọmọ iṣẹ́ Alájì, ti wà ní àtìmọ́lé lórí ikú náà.

Túnmiṣe, ọmọ mi, fọwọ́ tọ́ mi níhà. "Màmá, kí ló dé? Ṣé orúnkún yín ni?"

"Orúnkún kọ́. Pe ọlọ́pàá yẹn."

"Nínú praise and worship?"

"Bó bá fi di benediction, ẹ̀gbà á ti wọ mọ́tò lọ sílé."

Ó wo ibi tí mo ń wò. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara mi kò fi balẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba fún Bámgbóyè ti mú ìwé kan tọ̀ ọ́ wá. Bó bá gbà pé òun ló pa Alájì, pé inú ló bí òun, ọdún márùndínlógún ni yóò lò lẹ́wọ̀n. Bó bá kọ̀, tí ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, kò ní jáde mọ́ láéláé. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń retí èsì rẹ̀. Joanna ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún mi lórí fóònù pé, "Màmá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun máa fọwọ́ sí i." Ọjọ́ Àìkú la sì wà yìí.

Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ kò dára. Aládùúgbò Alájì gbọ́ ohùn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi èdè wa jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Bámgbóyè ní òun ń sùn nílé ní tòun, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti night shift dé. Joanna wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà lọ́dọ̀ olùtọ́jú. Ta ni yóò jẹ́rìí ẹni tó dá sùn? Wọ́n tún bá òǹtẹ̀ Alájì nínú báàgì rẹ̀, irin kékeré tí Alájì fi ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí inú ẹ̀gbà gbogbo tó bá ṣe. Bámgbóyè ní Alájì ló fún òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí mo ti lọ, pé ó ní, "Láti òní lọ, tìẹ ni." Ẹni tó lè sọ bóyá òótọ́ ni ti wà nínú ilẹ̀.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ń jẹ́ James. Ó ga, ó dúdú, ọ̀rọ̀ ò yára jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń bọ fìlà bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tó bá sọ, Túnmiṣe á sọ ọ́ di Yorùbá fún mi. Ohun tí èmi bá sọ, Túnmiṣe á kọ́kọ́ yọ èébú inú rẹ̀ kúrò, á tó wá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

Parking lot ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ká Ṣìkẹ́mi àti Adélékè ọkọ rẹ̀ mọ́. Adélékè yìí ló ń bá Alájì ta ọjà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Covington, níbi tí àwọn tó ń ya fíìmù ti máa ń wá ra ẹ̀gbà àti òrùka.

"Níbo lẹ ti rí ẹ̀gbà yìí?" James bi Ṣìkẹ́mi.

"Ọkọ mi ló fún mi. Birthday mi ni."

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo ti rí i?"

Adélékè fẹnu lá ètè. "Nínú ọjà mi ni."

"Ta ló kó o wá?"

"Ọjà ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, sir. Mi ò lè máa rántí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Èmi dá sí i. "Adélékè, ẹ̀gbà tí ọlọ́pàá ń wá láti oṣù márùn-ún, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ há ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ, òun lo ò rántí?"

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́."

"Má bẹ̀ mí. Bọ́ ọ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ."

Ó di ọwọ́ Ṣìkẹ́mi mú. Ó fà á, ó tì í, ó tún fà á. Ṣìkẹ́mi ké pé ó ń dun òun. Ẹ̀gbà Alájì ní ìkọ́ kékeré kan lábẹ́, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fà á ni. Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ ló ṣí i.

"Ọdún mẹ́fà lo fi ń ta ẹ̀gbà Alájì," ni mo wí, "o ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

"Èmi ń tà á ni, Grandma. Èmi kọ́ ni mo ń ṣe é. Òrùka tó bá tẹ̀, mi ò lè tọ́ ọ."

Kí n má parọ́, mo ti dá a lẹ́bi nínú ọkàn mi. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù. Ṣùgbọ́n James béèrè ibi tó wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Alájì kú, ó ní inú ṣọ́ọ̀bù ni láti àárọ̀ di aago mẹ́fà, pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. James fóònù ẹnì kan, ó dúró díẹ̀, ó tún fóònù. Wọ́n ti wo kámẹ́rà náà láti ìgbà yẹn. Òótọ́ ni.

"Kí ló wá dé tó ò ń làágùn?" Túnmiṣe ló bi í.

Adélékè wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Salam ló kó àpótí kan wá fún mi kí n bá òun tà á, nígbà tó ń palẹ̀ garage bàbá rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni ẹ̀gbà yìí wà. Ṣìkẹ́mi rí i, ó ní kò sẹ́ni tó máa ta eléyìí. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n á gbà á."

"O mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀?"

"Mo rò pé ẹni tó ṣe é ló wà níbẹ̀, Grandma."

Ṣìkẹ́mi kò bá a wọ mọ́tò. Ó ní òun máa bá wa lọ.

*

Abdussalam, tí gbogbo wa ń pè ní Salam, ni ọmọ kan ṣoṣo tí Alájì bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Atlanta, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ó ti sọ fún ọlọ́pàá nígbà náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun kò fi fojú kan bàbá òun kó tó kú. Ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sára ife ẹ̀yẹ ló ń ṣiṣẹ́, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Decatur. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la bá a níbẹ̀. Bó ṣe rí mi ló tẹ̀ ba, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, tábìlì ò jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Grandma." Yorùbá rẹ̀ a máa rìn bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a máa sọ ọ́. Ó gbé àga fún mi, ó bu tíì fún mi. Ọmọ dáadáa ni.

James gbé ẹ̀gbà náà, nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, sórí tábìlì. Túnmiṣe fi fóònù ya àwòrán rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Salam wí. "Inú àpótí ìfà tí Uncle Bámgbóyè ń kó àkísà rẹ̀ sí ni mo ti rí i. Ó wà lábẹ́ pátápátá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

"Ẹ̀gbà tí kò ní ojú lẹ sọ pé ẹ ń wá. Ẹ ní ó ku iṣẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Èyí ti parí, gbogbo wọn lójú. Mo rò pé òmíràn ni."

James gbójú sókè. "Gbogbo wọn lójú," ó tún un sọ, ó rọra wò mí.

 Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ọlọ́pàá lóṣù márùn-ún sẹ́yìn pé nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹranko kankan kò lójú lára ẹ̀gbà náà. Èmi náà ni mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Mùsùlùmí tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni Alájì. Á fín ara, á fín ìrù, á fín pátákò, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹranko kankan ní ojú. "Màmá," ó máa ń wí, "Ẹni tó ń fúnni lójú kò tíì rán mi níṣẹ́." Bámgbóyè tó jẹ́ ọmọ díákónì ló máa ń parí rẹ̀ fún un. Á mú ìṣó kékeré kan tó lẹ́nu roboto, á gbé e lé ojú ibẹ̀, á fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan, kọ́ín, ojú á là. Gbogbo ẹ̀gbà tí Alájì tà ní Atlanta yìí, ọwọ́ Bámgbóyè ni ojú wọn ti wá.

Bámgbóyè sì ti búra pé òun kò fọwọ́ kan ẹ̀gbà náà lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

James pa ìwé rẹ̀ dé. Ó sọ ohun kan fún Túnmiṣe, ohùn rẹ̀ tutù. Túnmiṣe gbé báàgì mi.

"Kí ló wí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Kí ló wí, Túnmiṣe?"

"Ó ní ẹ ṣeun. Ó ní ohun tó kù nínú ẹjọ́ Bámgbóyè lẹ fi lé òun lọ́wọ́ yẹn."

*

Kí a tó délé, Joanna ti gbọ́. Kò pariwo. Ìbá tilẹ̀ sàn bó bá pariwo.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ pè wọ́n?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Lọ́yà ní wọ́n lè gba ìwé ọdún márùndínlógún yẹn padà báyìí. Ó ní kí Bámgbóyè yára fọwọ́ sí i lónìí, kí wọ́n tó yí ọkàn padà." Mo gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n ń pè ní Fẹ́misí, ọmọ oṣù mọ́kànlá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn wá lọ́wọ́ mọ́."

Ó pa fóònù.

Mo jókòó ní ilé ìdáná, mo da ẹ̀wà sínú àwo, mo ń ṣà á. Ara mi kì í lè ṣiṣẹ́ kí ẹnu ó pa dé, orin ló sì ń jáde, mi ò tilẹ̀ mọ èwo ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé tìyá ètu ni.

Ìyá mi, gbẹ́sẹ̀ sókè — Jàlòló
Òkúta ń bẹ lọ́nà — Jàlòló
Ìyá mi, rọra tẹ̀ ẹ́ — Jàlòló
Ẹrẹ̀ ń bẹ níwájú — Jàlòló
Odò ò jìnnà mọ́ — Jàlòló

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

"Túnmiṣe. Àwòrán tó o yà lọ́dọ̀ Salam, fẹ̀ ẹ́ kó tóbi."

"Màmá, Joanna ní—"

"Mo gbọ́ ohun tí Joanna ní. Fẹ̀ ẹ́."

Ó fẹ̀ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀ọ́kán ni mo ti rí i. Lọ́dọ̀ Salam, inú ọ̀rá ló wà, ẹ̀rù sì ti bà mí kí n tó wò ó dáadáa. Ní báyìí ó wá hàn kedere. Ojú ìjàpá wà níbẹ̀, roboto. Ojú ọmọ ètu wà níbẹ̀. Ojú ìyá ètu náà wà níbẹ̀, ó là gbáà, ó ń wo ọ̀nà.

Mo gbé àwo ẹ̀wà tì.

"Túnmiṣe, afọ́jú ni ìyá ètu."

"Afọ́jú báwo?"

Mo pa á fún un ní kúkúrú. Iná ìgbẹ́ ló fọ́ ìyá ètu lójú. Ọmọ rẹ̀ ló ń mú un lọ sódò lójoojúmọ́, orin ló sì fi ń mú un lọ: bí òkúta bá wà, á kọ ọ́ lórin, bí ẹrẹ̀ bá wà, á kọ ọ́ lórin. Ìjàpá fara pamọ́, ó kọ́ orin náà. Ọjọ́ kan tí ọmọ ò sí nílé, ìjàpá wá sẹ́nu ọ̀nà, ó mú ohùn tín-ínrín, ó ń kọrin níwájú ìyá ètu kó lè mú un lọ sínú kòtò tó gbẹ́ dè é. Nítorí náà ni Alájì ṣe fín in pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Orin ló ń dúró dè.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn," mo wí, "Bámgbóyè jókòó ti ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń gbè é fún mi. Òun náà ló sọ fún Alájì pé, 'Ẹ wò ó, ti ìyá yìí, mi ò ní lù ú rárá, kí ẹni tó bá rà á bi wá léèrè.' Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ẹ dín kù nìyẹn."

Túnmiṣe ti ń wá nọ́ńbà James.

*

James kò gbà. "Mama, ojú ni ojú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààyàn ń kánjú. Ó lù wọ́n tán, ó fi pamọ́."

"Ẹni tó ń kánjú kì í dán fàdákà. Wò ó. Ó lu ojú náà sí àárín gan-an, ó fi aṣọ nù ún títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹni yìí jókòó ti iṣẹ́. Ó fẹ́ kó dára."

"Bámgbóyè náà lè jókòó."

"Nígbà náà, ṣe ohun kan fún mi. Fi àwòrán yìí hàn án. Má bi í ní nǹkan kan. Sọ pé kó wò ó, kó sọ ohun tó rí."

Ó ní òun máa bá lọ́yà Bámgbóyè sọ̀rọ̀ ná. Lẹ́yìn náà ó ní ká máa bọ̀ ní àtìmọ́lé.

Lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré ni a ti rí Bámgbóyè, lọ́yà rẹ̀ jókòó tì í, ìwé wà níwájú wọn. Díẹ̀ ló kù kí n má mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Ó fẹ́ kí mi, James ní kò tíì yá. Wọ́n gbé àwòrán sókè fún un.

Bámgbóyè wò ó. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Kò bẹ̀rù. Ó sún mọ́ ọn, iwájú orí rẹ̀ kó jọ bíi ti télọ̀ tó rí aṣọ tó rán tí ẹlòmíràn tú, tó tún un rán.

"Ta ló fún ìyá ètu ní ojú?" ó wí. "Ta ló ba iṣẹ́ Alájì jẹ́ báyìí?"

Túnmiṣe sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. James ní kó tún un sọ.

Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo di apá aṣọ James mú. "Ọmọ mi, ẹni mẹ́ta péré ló gbọ́ àlọ́ yẹn. Alájì ti kú. Èmi ò mọ òòlù í dì mú. Bámgbóyè lo rí yẹn. Adélékè ò lè ṣí ìkọ́ lásán. Nítorí náà, wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ fàdákà, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ìtàn. Ẹni tó rò pé iṣẹ́ Alájì kò tíì parí, tó sì fẹ́ràn rẹ̀ tó láti bá a parí rẹ̀."

Mo rí i bí orúkọ náà ṣe ń bọ̀ sí James lọ́kàn. Èmi ti mọ̀ láti ilé ìdáná, ẹnu mi ni kò fẹ́ pè é.

"Ọmọ rẹ̀," James wí.

"Alájì ló fi irin lé e lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí lo rò pé ó fi ń ṣe iṣẹ́ ife ẹ̀yẹ?"

Kí James tó jáde, ó padà wọlé, ó sọ fún lọ́yà pé kó má tíì jẹ́ kí Bámgbóyè fọwọ́ sí nǹkan kan.

*

Wọ́n ti fẹ́ ti ibi iṣẹ́ Salam nígbà tí a débẹ̀. Salam tún gbé àga fún mi. Mo ní kó jókòó, èmi ni mo fẹ́ dúró.

"Salam, bá mi ka ẹ̀gbà yìí. Ìtàn wo ló wà lára rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìjàpá ni, Grandma. Àwọn deer méjì. Wọ́n ń sáré ìje."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìje ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Mo kàn wò ó."

"Ìyá ètu yìí ńkọ́, kí ló ń wò?"

"Ọ̀nà." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Ó ń wo ọmọ rẹ̀ àti ọ̀nà."

Mo gbé orin náà. Mi ò kọ ọ́ sókè. Mo kọ ọ́ bí ọmọ ètu ṣe ń kọ ọ́, òkúta rèé, ẹrẹ̀ rèé, mo sì pa ìyókù fún un dé ibi tí iná ti fọ́ ìyá lójú. Salam ń gbọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lára mi, tó lọ sára ẹ̀gbà náà, tó dúró síbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí omi tí eérú dà sí.

"Kò sọ fún mi pé afọ́jú ni," ó wí.

"Ta ni kò sọ fún ẹ?"

"Daddy."

"Salam," mo wí, "o ní kí bàbá ẹ tó kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi wà láìfojú kàn án. Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbà yìí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo parí àlọ́ náà. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kú. Ìgbà wo ni ì bá ti sọ fún ẹ?"

James ti dìde. Salam kò sá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ń wò wọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà fi jáde, ó ń já, ó ń so. Òǹtẹ̀ ló lọ béèrè. Ó fẹ́ fi ibi ife ẹ̀yẹ sílẹ̀, ó fẹ́ wá máa bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí orúkọ ilé wọn wà lára ẹ̀gbà lẹ́yìn ọ̀la. Alájì fi ẹ̀gbà ìyá ètu hàn án, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé òun ti fún Bámgbóyè ní òǹtẹ̀ lánàá.

"Ó ní ọwọ́ mi gbọ́n, etí mi ni kò gbọ́. Mo ní kó kọ́ mi nígbà náà. Ó ní ogún ọdún ni òun fi pè mí kí n wá jókòó, pé mo ní homework, mo ní practice, mo ní friends. Ó ń rẹ́rìn-ín, Grandma. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Mo fà á. Mo kàn fẹ́ kó wò mí ni. Mo fà á, mo tún tì í."

"O kò pe ẹnikẹ́ni?"

"Kò mí mọ́."

"Ẹ̀gbà ńkọ́?"

"Mo rò pé kò tíì parí. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Uncle Adélékè lójú. Mo ní kí n bá a parí rẹ̀. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é." Ó nu imú. "Nígbà tó yá, mi ò lè wò ó mọ́. Mi ò sì lè sọ ọ́ nù."

"O wá jẹ́ kí Bámgbóyè wà níbẹ̀," Túnmiṣe wí. Kì í ṣe pé ó ń túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Salam yí ojú sí mi. Èmi ló bi léèrè, ohùn rẹ̀ kékeré. "Ṣé ó kó sínú kòtò, ìyá náà?"

"Kò kó sí i. Ìjàpá mọ orin náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń kọ òkúta níbi tí òkúta ò sí. Ìyá ètu dúró. Ó ní, 'Ohùn ọmọ mi ni, ẹsẹ̀ ọmọ mi kọ́.' Ó padà sílé."

Ó mi orí, bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìṣirò fún. James mú un lọ́wọ́, ó mú un jáde gba ẹ̀yìn.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, Bámgbóyè kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Joanna ló wa mọ́tò, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú Fẹ́misí nínú àga rẹ̀. Bámgbóyè jáde pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Ó di ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí kọnkéré, mi ò lè dá a dúró. Gbogbo bí ó ṣe jẹ́ ni lọ́yà ti sọ fún un.

A ti rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti bi mí kí ẹ tó lọ bá Salam."

"Kí n bi ẹ́ ní kí ni?"

"Òun nìkan ni Alájì bí. Ọdún méje ni Alájì fi bọ́ mi, tó fún mi níṣẹ́, tó fún mi ní òǹtẹ̀ tó yẹ kó fún ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ti mọ̀ pé Salam ni, ǹ bá ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ǹ bá ti fọwọ́ sí i."

Joanna dín eré mọ́tò kù. Ó tẹ iná sígínà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa mọ́tò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tú ọmọ nínú àga rẹ̀, ó gbé e yíká dé ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, ó sì gbé e lé Bámgbóyè lẹ́sẹ̀.

"Sọ ọ́ fún un," ó wí. "Bí o ṣe sọ ọ́ fún Màmá yẹn."

Bámgbóyè wo ọmọ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ náà wò ó títí, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ sí mi. 

Mo ti la ẹnu láti dárin fún ọmọ náà kó lè dákẹ́. Joanna gbé ọwọ́ sókè, kò wo ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó sunkún," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́."